Búrẹ́dì Tí Òkporókó Fi Sílẹ̀ Nílé

Odó ni Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ gbé jáde, odó náà ló sì kọ́kọ́ dójú tì wá. Àmọ́ kí n tó débi odó, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé Ọ̀tà.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo wọ dánfó ní Ìyánà Ìpájá. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta láti ìhà Èkó á mọ̀ pé a kì í fi máìlì wọn ọ̀nà yẹn, wákàtí la fi ń wọ̀n ọ́n. Abúlé Ẹ̀gbá, Ìjàyè, Mẹ́ìrán, Kọ́lá, Alágbàdo, Alákùkọ: èèyàn lè sùn ní ọ̀kan nínú wọn, kó sì jí síbẹ̀ náà. Nígbà tí a kọjá Toll Gate, Èkó parí, Ògùn bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun tó fi hàn bí kò ṣe tirélà tó ń pọ̀ sí i. Tirélà irin àlòkù, tirélà kọ̀ǹtánà, tirélà àpò fúláwà tí wọ́n fi tapólì bò, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìsìnkú ọlọ́lá. Afẹ́fẹ́ náà yí padà. Mo gbọ́ òórùn irin tó ń yọ́, òórùn ọṣẹ, àti òórùn ohun kan tí wọ́n ń dín lẹ́yìn ògiri tí ojú kò lè ríran kọjá. Orúkọ Ṣàngó ni ibẹ̀ ń jẹ́, àmọ́ lójú tèmi Ògún ló ń jẹun níbẹ̀ jù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀yìn ògiri wọ̀nyẹn, irin tí a ti jù nù ni wọ́n ń yọ́, tí wọ́n ń sọ di ọ̀pá tí àwọn bíríkìlà ń tẹ́ sínú kọnkéré.

Mo gbé báàgì kan lé itan. Òkporókó odindi mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọ́n gan bí igi ìdáná, ìrù ọ̀kan sì yọ jáde lẹ́nu síìpù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì mí wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa darí ìrù ẹja yín síbòmíìn, kó má gún wa lójú.” Mo darí rẹ̀ síbòmíìn.

Kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ẹja lọ fún Ìyá Ìbejì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ẹ̀gbọ́n mi sì ni, ẹ̀bá ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ní Ọ̀tà ló ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀. Táyé rẹ̀ obìnrin wà nílé. Kẹ́hìndé ọkùnrin wà ní Trondheim, ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè, ó lọ kàwé níbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ní 2023. Ìgbà Kérésìmesì tó kọjá ni Kẹ́hìndé fi àwòrán oúnjẹ kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ẹja funfun kan wà nínú abọ́ náà, ó ń dán, ó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni nǹkan pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ká bí áńkáṣíìfù, ó ní àmì dúdú dúdú lára. Kẹ́hìndé kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Màámi, òkporókó rèé o.”

Ìyá Ìbejì pè mí lójú ẹsẹ̀. “Kí ni wọ́n fi ṣe ẹja mi tó fi ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe?”

Omi eérú ni wọ́n fi ṣe é. Mo ti kà nípa rẹ̀ rí, mo sì ṣàlàyé fún un. Ẹja kọ́ọ̀dù ni òkporókó wa. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ló máa ń wọ́ wá sí etíkun Lofoten ní àríwá Nọ́wè láti yé ẹyin. Àwọn apẹja á gé orí rẹ̀, wọ́n á so ó ní méjì méjì ní ìrù, wọ́n á fi kọ́ sórí àtẹ igi gíga títí di oṣù karùn-ún. Wọn kì í fi iyọ̀ sí i, wọn kì í fi èéfín yan án. Atẹ́gùn òkun ló ń ṣiṣẹ́. Bí òtútù bá pọ̀ jù, ẹran rẹ̀ á dì, á sì fọ́; bí ooru bá dé, eṣinṣin á bá a; ibi tí kò tutù jù tí kò sì gbóná ló ń gbé gbẹ, tí omi ara rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò lè sá a ní Ọ̀tà, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n ṣe tó. Àwọn ará Ítálì ló ń ra èyí tó dára jù níbẹ̀. Àwa ń ra tiwa, a sì ń ra orí tí wọ́n gé, tí ọ̀pọ̀ ará Nọ́wè fúnra wọn kì í jẹ. Ó ti wà lọ́jà wa kí ogun abẹ́lé tó dé, àmọ́ láàárín 1967 sí 1970 ni wọ́n kó o wọ ìhà Ìlà-Oòrùn bí oúnjẹ ìrànwọ́, nítorí kò béèrè fíríìjì, kò sì béèrè ohunkóhun ju omi gbígbóná lọ. Ọwọ́ àwọn Igbo la ti gba orúkọ náà. Wọ́n ní ariwo tó ń pa nínú ìkòkò ló fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa ń pè é ní pánlá tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí ẹja inú yìnyín náà gba orúkọ yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ti èyí tó ń gbọ̀n, lutefisk ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á rẹ òkporókó sómi fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú, eérú igi birch ni nígbà àtijọ́, wọ́n á tún padà rẹ ẹ́ sínú omi tútù kí ó má baà bó èèyàn lẹ́nu. Ìyá Ìbejì gbọ́ ọ, ó ní, “Omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ṣé ẹ̀sìn wọn ni?” Mo ní rárá, oúnjẹ ọdún ni.

Nǹkan pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gba ọkàn mi. Lefse ni. Ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n sè, tí wọ́n fi fúláwà díẹ̀, bọ́tà, kírímù àti iyọ̀ pò, tí wọ́n tẹ́ títí ó fi fẹ́lẹ́, tí wọ́n sì yan lórí irin gbígbóná láìfi epo sí i. Ó ti pẹ́ tí ẹja yìí ti ń wọ ilé wa. A fi sí ẹ̀fọ́, a fi sí ẹ̀gúsí, a fún un lórúkọ, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé kì í ṣe ọmọ odò wa. Búrẹ́dì tó ń bá a jókòó nílé kò tẹ̀ lé e wá. Èmi àti Ìyá Ìbejì ṣe àdéhùn pé bí mo bá ti ráyè, a ó ṣe é ní Ọ̀tà.

Abẹ́ bíríìjì Ṣàngó ni mo bọ́ sílẹ̀ sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun kò rí ohun tí òun ń wá níbẹ̀, kò wá a dáadáa ni. Mo wá Áíríṣì, ọ̀dùnkún òyìnbó náà, lọ sọ́dọ̀ Àlájì kan tó kó tirẹ̀ láti Jọ́ọ̀sì sínú apẹ̀rẹ̀. Mo ní kó ṣa èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ fún mi, tí omi ara rẹ̀ ti fà, nítorí ọ̀dùnkún tó bá lómi púpọ̀ ń mu fúláwà jù. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Tuntun ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Ó ṣa á fún mi, kò sì dín owó.

Ohun kejì ni irin. Àwọn ará Nọ́wè ní irin ribiti fífẹ̀ tí wọ́n fi ń yan lefse, takke lorúkọ rẹ̀, àwo ìdínǹkan ilé wa kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà. Ọ̀gá wọn fi ẹsẹ̀ yí irin pẹlẹbẹ kan kúrò lábẹ́ géètì tí wọ́n ń jó, ó ní, “Ẹ fẹ́ máa yan gàrí ni?” Mo ní búrẹ́dì ni. “Búrẹ́dì lórí irin? Ẹ lọ ra ófùnù, màmá.” Síbẹ̀ ó fi ṣọ́ọ̀kì yípo ọmọrí garawa lórí rẹ̀, ó gé e ribiti, ó lọ ẹnu rẹ̀ kó má gé wa lọ́wọ́, ó sì jó ọwọ́ mú méjì mọ́ ọn láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Bí irin ṣe pọ̀ tó ní ìlú yìí, n kò rí ibòmíì tí wọn ì bá ti bá mi ṣe é láàárín ìdajì wákàtí. A fi yanrìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà tí mo délé, a fi epo pa á, a gbé e kaná títí ó fi dúdú kirikiri.

Ibi tí odó ti wọ̀ ọ́ rèé. Mo se kílò méjì Áíríṣì, mo bó o, mo yíjú wá ohun tí a ó fi tẹ̀ ẹ́. Kí n tó yíjú padà, Ìyá Ìbejì ti dà á sódó. Ọmọ Èkìtì ni ọkọ rẹ̀, iyán ni wọ́n ń jẹ nínú ilé yẹn, kò sì sí ohun rírọ̀ kan tí odó rẹ̀ kò lè kápá. Ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó dán. Ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí oje rọ́bà, ó di ọmọ odó mú, kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. “Ẹ wo iyán!” ni Ìyá Ìbejì ń wí. Lóòótọ́, iyán ni. Àmọ́ iyán kò ṣeé tẹ́ bí aṣọ. A da fúláwà sí i, ó mu ún. A tún da òmíràn sí i, ó tún mu ún. Nígbà tí a rí i tẹ́ tán tí a yan án, ó le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Bàbá Ìbejì ti ibi iṣẹ́ dé, ó gé díẹ̀ sẹ́nu, ó ní oúnjẹ yìí dára fún ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò ọjọ́ méje. Ó wọlé lọ wẹ̀.

A pe Kẹ́hìndé lórí fídíò. Ẹ̀rín kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. “Màámi, ẹ gún un? Ẹ kì í gún un o!” Ó ní àpò kéékèèké ló kún inú Áíríṣì, sítáàṣì inú rẹ̀ wà nínú àpò wọ̀nyẹn, bí a bá gbá a lódó, gbogbo wọn á bẹ́, sítáàṣì á tú jáde, á sì di gọ́ọ̀mù. Ohun tó ń mú iyán dùn gan-an ló ń ba lefse jẹ́. Wọ́n ní irin kan níbẹ̀ tó ní ihò wínníwínní, wọ́n á ki ọ̀dùnkún sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù ú. Ó sì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí fúláwà tó kàn án. Gbígbóná ló ń jẹ́ kó máa béèrè fúláwà ṣáá.

Táyé kò sọ nǹkan kan. Ó jáde lọ sílé kejì, ó sì yá asẹ́ gàrí wá. A se Áíríṣì mìíràn.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i. Áíríṣì gbígbóná lórí asẹ́, Táyé ń fi ẹ̀yìn igbá rà á lọ rà á bọ̀, ó sì ń rọ̀ sísàlẹ̀ funfun, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí gàrí tí wọn kò tíì yan. Ìyá Ìbejì dúró, ó káwọ́ lẹ́yìn. “Ẹ̀yin ọmọ yìí,” ló wí, ó sì gbé odó rẹ̀ padà sẹ́yìn ilé.

Òtútù ló kù, iná sì lọ ní aago mẹ́jọ. Ní Trondheim, Kẹ́hìndé ní wọ́n á kàn gbé abọ́ sẹ́nu fèrèsé ni. Ní Ọ̀tà, alẹ́ fúnra rẹ̀ ń làágùn. A ra yìnyín lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta omi tútù ní ìkóríta, a kó o sínú báfù, a gbé abọ́ Áíríṣì sí àárín rẹ̀, a fi aṣọ funfun bò ó. Lábẹ́ àtùpà ni mo ti sọ fún wọn pé Áíríṣì kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè rárá. Àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ níbẹ̀, àwọn àlùfáà ìjọ wà lára àwọn tó ń polówó rẹ̀ fún àgbẹ̀, débi pé wọ́n ń pè wọ́n ní àlùfáà ọ̀dùnkún. Ọ̀pọ̀ kò kọbi ara sí i títí di ìgbà ogun Napoleon, láàárín 1807 sí 1814, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dí òkun mọ́ wọn tí ọkà kò wọlé mọ́. Wọ́n lọ èèpo igi mọ́ ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì lè pọ̀. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni kò tún rí ọ̀dùnkún fín. Àwọn tó kó lọ sí Amẹ́ríkà láàárín 1825 sí 1925, wọ́n lé ní 800,000, gbé igi ìtẹ́ lefse wọn dání bí Kẹ́hìndé ṣe gbé èlùbọ́ dání. Ní 1983, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Starbuck ní Minnesota yan ọ̀kan tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ó lé. “Irin ta ni wọ́n fi yan ìyẹn?” ni Táyé béèrè. Mo ní bóyá wẹ́dà Ṣàngó ni.

Láàárọ̀ Sátidé, fúláwà ti tán nílé, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà àná ló jẹ ẹ́. Mo tẹ̀ lé Ìyá Ìbejì gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò lọ. Ọ̀nà yìí ń lọ títí dé ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, àmọ́ ohun tó wà létí rẹ̀ nínú Ọ̀tà nìkan tó ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan. Yunifásítì Bells wà ní kìlómítà kẹjọ. Ní ìkẹwàá ni Canaanland, tí tẹ́ḿpìlì ibẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 1999, ní ìjókòó 50,400. Oko Ọbásanjọ́ náà wà ní Ọ̀tà yìí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979 lẹ́yìn tó gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Orí oko yẹn ni èrò mi ń lọ, nítorí nígbà tí àgbẹ̀ Ọ̀tà padà di ààrẹ, ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé láti 2005, kí àwọn ọlọ́fúláwà máa po ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ fúláwà wọn. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jù lọ wíìtì wa ti ń wá, ẹ̀gẹ́ sì kún ilẹ̀. Goodluck Jonathan náà gbé búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ lárugẹ nígbà tirẹ̀.

Obìnrin oníbúrẹ́dì tí a ti ra fúláwà kò gbàgbé. “Ẹ̀gẹ́? A gbìyànjú rẹ̀. Kì í wú, ìyá. Búrẹ́dì tí kò bá wú, ta ni yóò rà á?” Ó tọ̀nà. Wíìtì ní ohun kan nínú tó ń fà bí rọ́bà, òun ló ń di atẹ́gùn mú kí búrẹ́dì tó ga. Ẹ̀gẹ́ kò ní in, Áíríṣì kò ní in. Mo rò ó títí a fi délé. Ebi ló kọ́ àwọn ará Nọ́wè láti fi gbòǹgbò na ọkà bíi tiwa, àmọ́ wọn kò fi dandan lé e pé kí ó ga. Wọ́n jẹ́ kó sùn sílẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n sì ká a. Àwa la ní kí ẹ̀gẹ́ dìde dúró bí ọmọ òyìnbó. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Ìbejì, ó ní kí n gbé fúláwà, kí n má dúró sí oòrùn.

Ní ọ̀sán, Áíríṣì ti tutù bí òkúta odò. Fún kílò kan, a fi bọ́tà ṣíbí ńlá mẹ́ta, kírímù díẹ̀, iyọ̀, àti fúláwà tí kò tó ife méjì. Kò béèrè sí i mọ́. A gé e bí ọwọ́ ẹ̀bà ọmọdé, a tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sórí tábìlì, a wọ́n fúláwà lé e, a sì fi ìgò máàtì yí i. Tiwọn ní igi ìtẹ́ tí wọ́n gé ilà sí lára. Ìgò kò ní ilà, ó ṣe é síbẹ̀. Káfíńtà àdúgbò ti bá wa fá pákó gígùn kan tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí a kì sábẹ́ rẹ̀ láti àárín, tí a gbé e sókè bí aṣọ tí ń bẹ lórí okùn, tí a sì tú u sílẹ̀ sórí irin. Ìyá Ìbejì béèrè pé, “Òróró dà?” Mo ní kò sí òróró. “Á lẹ̀ mọ́ ọn.” Kò lẹ̀. Ó wú gbúlẹ̀gbúlẹ̀ níbi mélòó kan, ó bọ́ sílẹ̀, a yí i padà, àmì sì ti bo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ara ẹkùn. A ń kó wọn jọ sábẹ́ aṣọ kí ooru ara wọn lè jẹ́ kí wọ́n rọ̀. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ya. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ Táyé mọ̀ ọ́n, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan pákó náà mọ́.

Bọ́tà àti ṣúgà ni wọ́n sábà máa ń fi jẹ ẹ́ níbẹ̀. A jẹ ọ̀kan bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀tọ́. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ìbejì ṣí ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò tí òkporókó ti ń hó nínú rẹ̀ láti àárọ̀, ẹja náà ti rọ̀, ó ń ya ní fọ́nrán fọ́nrán, ó sì ti mu ata àti irú dé inú. Ó bu díẹ̀ sí àárín lefse kan, ó ká a, ó jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ó tún ká èkejì. Bàbá Ìbejì, tó ti ń wo tẹlifíṣọ̀n láti ìgbà tí iná dé, béèrè bóyá èyí kò le bí ti àná. A gbé mẹ́ta lọ bá a. Ó pè wá pé kò tó.

Nígbà tí Áíríṣì tán, Táyé bu iṣu sísè tó kù nílé, ó rà á lórí asẹ́, ó sì fi fúláwà tó ṣẹ́kù pò ó. Èyí ya ní etí ju ti Áíríṣì lọ, ó sì nípọn ju bí mo ṣe fẹ́, àmọ́ ó ká. Ìyá Ìbejì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ pé iṣu tí a kò gún, ìwọ̀sí ni fún iṣu. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kẹ́hìndé síbẹ̀.

Mo padà lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ti rọ̀ díẹ̀. Ìyá Ìbejì fi nylon di lefse mẹ́fà fún mi pẹ̀lú abọ́ ẹ̀fọ́ kékeré kan. A ò tíì dé Alákùkọ tí kọ́ńdọ́kítọ̀ fi yí ọrùn padà. “Ta ló gbé òkporókó?” Mo nawọ́. “Ẹ̀bà wà lọ́dọ̀ yín ni?” Mo ní rárá, mo ṣí nylon, mo sì ya ọ̀kan sí méjì.